Ṣé ká kọ "Ògo ni fún Baba" lẹ́yìn Sáàmù 88? Ìyìn àti ẹkún nínú Bíbélì Hébérù

Onídùùrù:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwọn akọrin ń bá ara wọn fà á, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ Sáàmù dénú bá wa dá sí i. Ìwé Àdúrà 1662 ti àwa Áńgílíkà fi Sáàmù 88 sí ìsìn ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere, ó tẹ̀lé 69. Ó tún fi í sí òwúrọ̀ ọjọ́ 17 oṣù kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn 86 àti 87. Ìlànà ìwé náà sì ni pé kí "Ògo ni fún Baba", ìyìn kúkúrú sí Mẹ́talọ́kan, tẹ̀lé Sáàmù kọ̀ọ̀kan jálẹ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀ Sáàmù 88 kò ní ìyìn kankan nínú. Nínú Hébérù, òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn kan ní ká yọ Ògo kúrò, pé ńṣe ló ń pa ẹni tó ń sunkún lẹ́nu mọ́. Àwọn kan ní Ògo gan-an ló ń tún un ṣe. Ta ló jàre? Kì í ṣe ìwàásù là ń wá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹsẹ Bíbélì ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn.

Olùkọ́Hébérù:
Ẹ kú ìbéèrè. Ká tó dé orí Ògo, ẹ jẹ́ ká wo bí orin ìráhùn ṣe máa ń rí ná, ká lè mọ ohun tí 88 fi sílẹ̀.

Láti ìgbà Hermann Gunkel, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tó kú ní 1932, làwọn tó ń kọ́ Sáàmù ti ń fi oríṣi pín wọn. Ìráhùn ló pọ̀ jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo 150. Ẹ ṣí Sáàmù 13. Kò gùn, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sì pé. Ó ké sí Olúwa, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìráhùn lójú ẹsẹ̀: ìgbà mẹ́rin ló béèrè pé yóò ti pẹ́ tó, nínú ẹsẹ 1 àti 2 nìkan. Ẹ̀bẹ̀ wà ní 3 àti 4: wò mí, dá mi lóhùn, la ojú mi. Ó sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, kí ọ̀tá má baà yọ̀ pé òun ti borí. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ẹsẹ 5, ìlérí pé òun yóò kọrin ni 6.

Ẹ wá gbé 88 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ké pe Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní ẹsẹ 1, 9 àti 13. Ìráhùn kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ẹ̀bẹ̀ kò ju ẹsẹ 2 lọ: kí àdúrà mi dé iwájú rẹ. Ìgbẹ́kẹ̀lé ò sí, àfi tí ẹ bá ka "Ọlọ́run ìgbàlà mi" ní ẹsẹ 1 sí i. Ìlérí láti kọrin ò sí rárá.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí n ò ti gbà pẹ̀lú yín, ọ̀gá onídùùrù. Ẹ ní kò sí ìyìn nínú rẹ̀. Ìyìn wà níbẹ̀, ní ẹsẹ 10 sí 12. Ó ń bi Ọlọ́run pé: ṣé òkú ni yóò dìde yìn ọ́? Ṣé inú isà òkú ni wọn yóò ti máa ròyìn àánú rẹ? Ẹ̀rí tó ń pè lórí ẹjọ́ rẹ̀ nìyẹn: bí mo bá kú, ẹnu kan tó ń yìn ọ́ ti dákẹ́. Sáàmù 6:5 lo ẹ̀rí kan náà, 30:9 náà lò ó. Lójú àwọn akọrin Ísírẹ́lì, Ọlọ́run náà ní ohun tí yóò pàdánù.

ỌmọSíónì:
Ẹ̀yin olùkọ́, a gbọ́, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ igi di igbó mọ́ wa lọ́wọ́. Sáàmù 30:5 ti parí ọ̀rọ̀: bí ẹkún pẹ́ di alẹ́ kan, ayọ̀ ń bọ̀ ní òwúrọ̀. Sáàmù 22 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀", ìyìn ló sì parí sí. Ìwé Sáàmù fúnra rẹ̀ parí sí 150, níbi tí kò ti sí nǹkan míì ju "ẹ yìn ín" lọ. Ẹkún lọ̀nà, ìyìn ni ibi tí à ń lọ. Ẹ kọ Ògo yín, ẹ jẹ́ ká sinmi.

Atúwéká:
@ỌmọSíónì, a ò bá yín jà lórí ibi tí ìwé parí sí. Ọ̀nà náà ni kò gún régé bí ẹ ṣe là á sílẹ̀ yẹn.

Ẹ mú Sáàmù 40. Ọpẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀: ó fà mí gòkè láti inú kòtò, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé orí àpáta, ó fi orin tuntun sí mi lẹ́nu. Ọpẹ́ yìí lọ títí dé ẹsẹ 10. Nígbà tó fi máa di ẹsẹ 12, ibi àìníye ti yí i ká, ọkàn rẹ̀ ti já. Ọ̀rọ̀ tó fi parí ni "má ṣe pẹ́". Ẹsẹ 13 sí 17 níbẹ̀ sì ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dà kọ láìyí padà bíi Sáàmù 70. Ẹ̀bẹ̀ yẹn dá dúró gẹ́gẹ́ bí orin. Ẹni tó to 40 ló mọ̀ọ́mọ̀ fi sí ẹ̀yìn ọpẹ́. Bó bá jẹ́ pé ìyìn ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn ni, iwájú ni ì bá gbé e sí.

Sáàmù 27 náà rí bẹ́ẹ̀: ẹsẹ 1 sí 6 kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, láti 7 lọ ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Olúwa má ta òun nù. Sáàmù 9 àti 10 ńkọ́? Orin kan ni wọ́n nínú Bíbélì Gíríìkì àtijọ́, lẹ́tà Hébérù tí wọ́n fi to ẹsẹ wọn sì ti 9 wọ 10. Ọpẹ́ pọ̀ ní 9, 10 sì ṣí pẹ̀lú èéṣe tí ìwọ fi dúró ní òkèèrè.

Sáàmù 44 le jù wọ́n lọ. Ẹsẹ 1 sí 8 ń yin Ọlọ́run fún ohun tó ṣe fáwọn baba wọn. Ẹsẹ 9 dé, wọ́n ní ó ti ta àwọn nù. Ní 17 wọ́n ní àwọn kò gbàgbé rẹ̀, àwọn kò da májẹ̀mú. Ní 23 wọ́n ní kó jí, kí ló dé tó fi ń sùn! Iṣẹ́ ìyìn tó wà níwájú nìyẹn: òun ni wọ́n fi ń di Ọlọ́run lẹ́jọ́ mú.

Jeremáyà 20 ló wá burú jù. Ẹsẹ 13: ẹ kọrin sí Olúwa, ẹ yin Olúwa, ó ti gba ọkàn aláìní lọ́wọ́ olùṣe búburú. Ẹsẹ 14 tó tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀: ègún ni fún ọjọ́ tí a bí mi. Kò sí "ṣùgbọ́n" tó so wọ́n pọ̀. Àwọn kan ń wá ọ̀nà láti yí ẹsẹ wọ̀nyẹn po kó lè bọ́ sí ibi tí wọ́n fẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà.

ÌyáAkọrin:
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo ní ìbéèrè kan. Ní Sáàmù 22, ẹsẹ 21 ṣì ń bẹ̀bẹ̀ pé kó gbà á lẹ́nu kìnnìún. Nígbà tí ẹsẹ 22 fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ti wà láàárín ìjọ, ó ń yìn. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì? Àwọn akọrin máa ń béèrè, mi ò sì fẹ́ máa sọ pé "ìgbàgbọ́ ni" ní gbogbo ìgbà.

Olùkọ́Hébérù:
Ìyá, àlàyé tó gbajúmọ̀ jù ni ti ọ̀mọ̀wé Joachim Begrich, ó gbé e jáde ní 1934. Ó ní tí ẹni tó wà nínú ìpọ́njú bá ti sọ ìráhùn rẹ̀ tán nínú tẹ́ḿpìlì, àlùfáà á dáhùn lórúkọ Ọlọ́run pé "má bẹ̀rù". Orí ìdáhùn yẹn ni olórin á fò sí ìyìn. Ìdáhùn àlùfáà kì í sí nínú orin, torí kì í ṣe ẹnu olórin ló ti jáde.

Ẹ̀rí rẹ̀ ò kéré. Kíróníkà Kejì 20 fi gbogbo rẹ̀ hàn lẹ́sẹẹsẹ: ogun ń bọ̀, Ọba Jèhóṣáfátì kéde ààwẹ̀, ó sọ ìráhùn, Jáhásíẹ́lì, ọmọ Léfì kan láti ìdílé Ásáfù, ìdílé akọrin tẹ́ḿpìlì, dìde ní àárín ìjọ, ó ní "ẹ má bẹ̀rù" ní ẹsẹ 15, wọ́n dojú bolẹ̀ ní 18, àwọn ọmọ Léfì sì dìde láti yìn ní 19. Ogun ò tíì ṣẹlẹ̀ o. Hánà náà wà níbẹ̀: Sámúẹ́lì Kìíní 1:17, Élì ní kó máa lọ ní àlàáfíà, ẹsẹ 18, ojú rẹ̀ ò fà ro mọ́. Ọmọ ò tíì sí nínú. Nínú Ẹkún Jeremáyà 3:57 pàápàá, ó ní Olúwa sún mọ́ òun, ó ní má bẹ̀rù.

Ibi tó ti ń mì ni pé Sáàmù tí ìdáhùn bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní tààràtà kò pọ̀: 12:5, 60:6 sí 8, àti díẹ̀ míì. A ò rí i ní 22, a ò rí i ní 13. Bí a bá ní kí àlàyé yìí gba gbogbo rẹ̀, a ti ń fi ohun tí kò sí nínú ìwé ṣàlàyé èyí tó wà níbẹ̀.

ỌmọLéfì:
Ẹ jẹ́ kí n fi oúnjẹ kún un, torí Sáàmù 22 fúnra rẹ̀ dárúkọ oúnjẹ. Ẹsẹ 25: èmi yóò san ẹ̀jẹ́ mi níwájú àwọn tó bẹ̀rù rẹ̀. Ẹsẹ 26: àwọn onírẹ̀lẹ̀ yóò jẹ, wọn yóò sì yó. Nígbà ìpọ́njú ni wọ́n máa ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìyìn, ìgbà tí wọ́n bá bọ́ ni wọ́n ń san án. Nítorí náà, ìyìn tó wà ní ìparí ọ̀pọ̀ ìráhùn jẹ́ gbèsè tí olórin kọ sílẹ̀: "èmi yóò kọrin".

Léfítíkù 7:11 sí 15 sọ bí wọ́n ṣe ń san án. Ẹran, pẹ̀lú àkàrà aláìwú tí wọ́n fi òróró pò, àkàrà pẹlẹbẹ aláìwú tí wọ́n fi òróró pa, àkàrà ìyẹ̀fun dáadáa tí wọ́n fi òróró pò, àti àkàrà wíwú. Àwọn rábì fi iye sí i nínú Míṣínà, ìwé òfin tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi: 10 nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, 40 lápapọ̀. Ìyẹ̀fun àkàrà wíwú kan ṣoṣo tó ti aláìwú mẹ́ta. Àlùfáà gba ẹyọ kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, 36 ló kù fún ẹni tó mú ọrẹ wá.

Ibi tí òfin ti wá mú un nìyí: ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹran ọpẹ́ gbọ́dọ̀ tán, kò gbọ́dọ̀ di òwúrọ̀. Àwọn rábì tilẹ̀ sún un sẹ́yìn sí ọ̀gànjọ́ òru. Ọrẹ ẹ̀jẹ́ lásán lè di ọjọ́ kejì, ẹsẹ 16 gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọpẹ́ kò lè dì í. Àgbò kan àti àkàrà 36, kí ó tán kí ilẹ̀ tó mọ́: ìdílé kan ò lè jẹ ẹ́ tán. O gbọ́dọ̀ pe èèyàn. Bí wọ́n bá sì jókòó tì ọ́, wọn yóò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. O ò lè dúpẹ́ láìtún ìráhùn náà sọ lójú gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí Sáàmù ọpẹ́ bíi 30 àti 116 fi máa ń padà sọ igbe tí olórin ké nínú ìpọ́njú.

Àwọn ará ìjọ wa tó ń dúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi mọ apá jíjẹ yẹn dáadáa. Sísọ ìpọ́njú náà bó ṣe rí gan-an ni wọ́n máa ń fò.

ÌyáAkọrin:
Háà, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹkún ìyàwó ló ń sọ sí mi lọ́kàn: ọmọge ń sunkún, ó ń ki ìdílé bàbá rẹ̀, ẹnu kan náà.

Atúwéká:
Ó jọ ọ́ níwọ̀nba, Ìyá. Ìyàwó mọ ilé tó ń lọ. Ẹni tó ń ka Ẹkún Jeremáyà kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìgbà tí Bábílónì wó Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí ọdún 586 ṣáájú ìbí Kristi ni ìwé náà ti wá, ó sì tó ká dúró lé e lórí, torí wọ́n sábà máa ń já ẹsẹ kan péré mú nínú rẹ̀, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀.

Orí márùn-ún ni. Orí 1, 2 àti 4 ní ẹsẹ 22, lẹ́tà Hébérù kọ̀ọ̀kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Orí 3 ní 66, ẹsẹ mẹ́ta mẹ́ta fún lẹ́tà kan. Orí 5 ní 22, ṣùgbọ́n kò tẹ̀lé lẹ́tà mọ́. Iye ẹsẹ dúró, ètò ti túká. Ìlù ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ní àbùdá tirẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Karl Budde ṣàlàyé rẹ̀ ní 1882: ìlà kan máa ń ní ìtẹnumọ́ mẹ́ta ní ìdajì àkọ́kọ́, méjì ní ìkejì, bí ẹni tó ń tiro. Ẹ má rò pé ẹkún nìkan ni ìlù yìí wà fún o. Àìsáyà 14 lò ó láti fi ọba Bábílónì ṣe yẹ̀yẹ́.

Gbogbo wa ló mọ 3:22 àti 23: àánú Olúwa ni kò jẹ́ ká parun, ọ̀tun ni láràárọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà. Ṣé ẹ ti ka ẹsẹ 42 sí 44? "Ìwọ kò dárí jì." Ó ní Olúwa ti fi àwọsánmà bo ara rẹ̀ kí àdúrà má baà kọjá. Orí kan náà, ẹnu kan náà, 20 ẹsẹ péré lẹ́yìn àánú tuntun. Ẹni tó bá ka 22 tó dá dúró ní 33 kò tíì ka orí 3.

Ìparí ìwé náà, 5:22, bá Ọlọ́run wí pé ó ti kọ àwọn sílẹ̀ pátápátá. Àwọn Júù ń kà á ní òru ọjọ́ 9 oṣù Áfù, ọjọ́ ọ̀fọ̀ tẹ́ḿpìlì tó wó, wọ́n á jókòó sílẹ̀ tàbí sórí àpótí kékeré. Tí wọ́n bá ka 22 tán, wọ́n máa ń padà ka 21 sókè: yí wa padà sọ́dọ̀ rẹ. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé wọn ò fọwọ́ kan 22. Wọn ò yọ ọ́, wọn ò sì kọ ẹsẹ tuntun sí i. Ẹ̀bẹ̀ tó wà nínú ìwé náà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún kà.

ỌmọSíónì:
Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn! Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ọ́. Wọn ò jẹ́ kí kíkà parí sí ìkọ̀sílẹ̀. Sáàmù 89 náà ńkọ́? Ìyìn àti májẹ̀mú Dáfídì títí dé 37, ẹsẹ 38 ní "ṣùgbọ́n ìwọ ti ta á nù", ìráhùn dé 51. Ẹsẹ 52 wá ní: ìbùkún ni fún Olúwa títí láé, Àmín àti Àmín. Àwọn tó to ìwé Sáàmù fi Ògo tiwọn sí i. Kí ló dé tí àwa ò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀?

ỌmọLéfì:
Ọ̀rọ̀ tiyín yẹn lágbára, mi ò ní pè é ní kékeré. Ìwé márùn-ún ni wọ́n pín Sáàmù sí. Irú ìbùkún bẹ́ẹ̀ ló ti mẹ́rin àkọ́kọ́: 41:13, 72:18 àti 19, 89:52, 106:48. Ìparí ìwé kẹta ni 89:52 jẹ́, kì í ṣe èsì sí 51. Kódà, wọn ò fi ọ̀kan sí ìparí 88, tó wà nítòsí ibẹ̀.

Ibòmíì wà tó fi ìyìn àti ẹkún sójú kan. Ẹ́sírà 3: wọ́n fi ìpìlẹ̀ tẹ́ḿpìlì lélẹ̀, àwọn ọmọ Ásáfù dúró pẹ̀lú kímbálì, wọ́n ń kọ pé àánú rẹ̀ dúró láéláé. Àwọn àgbà tó mọ tẹ́ḿpìlì àkọ́kọ́ ń sunkún kíkankíkan, àwọn yòókù ń hó ìhó ayọ̀. Ẹsẹ 13 ní àwọn èèyàn ò lè mọ ariwo ayọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹkún, ibi jíjìn la sì ti gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dákẹ́. Orúkọ Ásáfù yìí náà ló wà lórí Sáàmù 74 àti 79, àwọn orin tó ń ráhùn lórí tẹ́ḿpìlì tó wó. Ẹ́sírà 2:41 ní 128 ni àwọn ọmọ Ásáfù tó padà wálé.

Onídùùrù:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo rí i pé a ò ní yọ Ògo torí pé ó ba 88 jẹ́, a ò sì ní kọ ọ́ torí pé ó tún 88 ṣe. Báwo ni ká ṣe wá kọ ọ́ báyìí, kí ó má baà dún bí ẹsẹ 19?

ÌyáAkọrin:
Ibi tó kàn mí nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ya ọjọ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Àṣà àtijọ́ wà ní ìjọ ìwọ̀ oòrùn pé kí wọ́n fi Ògo sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú Àjíǹde. Bí àlùfáà yín bá gbà, ẹ tẹ̀lé e lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Ní ọjọ́ 17 oṣù, ẹ kọ Ògo gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí.

Ẹsẹ 18 ni 88. Tó bá jẹ́ double chant lẹ lò, ìyẹn ohùn orin tó ń gba ẹsẹ méjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni yóò yí, Ògo ni ẹ̀kẹwàá, kò ní sẹ́kù. Ẹ má yí láti minor, ohùn tó ń dún bí ìbànújẹ́, sí major, èyí tó ń dún bí ayọ̀, nígbà tí ẹ bá dé Ògo. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn: etí ìjọ á gbọ́ pé ìṣòro ti tán. Ẹ má ṣí ohùn dùùrù kún un. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí dùùrù dákẹ́ kí ohùn èèyàn nìkan kọ ọ́. Lẹ́yìn ẹsẹ 18, ẹ gbé ọwọ́ kúrò pátápátá, ẹ mí èémí gígùn kan.

Akọrin máa ń sáré níbẹ̀ torí pé wọ́n mọ Ògo sórí, wọn ò wo ìwé mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo dá "Ògo ni fún Baba", kí àwọn yòókù wọlé ní "Bí ó ti wà ní àtètèkọ́ṣe".

Ẹ tún wo chant tí ẹ mú. Bí ìtumọ̀ tí ẹ ń lò bá parí sí "òkùnkùn", ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ló tò tẹ̀léra. Chant tó bá gòkè ní ìlà tó kẹ́yìn á lọ́ ọ̀rọ̀ náà, ìjọ ò ní gbọ́ ohun tí ẹ wí. Ẹ mú èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Onídùùrù:
Ó yé mi yékéyéké. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 17 yẹn kan náà la máa kọ 89. Ṣé ìbùkún rẹ̀ àti Ògo á tẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀?

ÌyáAkọrin:
Á tẹ̀lé ara wọn. Ibi tí ẹ máa dákẹ́ sí ni kó tó di ìbùkún, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀: ẹ kọ ẹ̀gàn àwọn ọ̀tá tán, ẹ mí, ẹ wá kọ ìbùkún àti Ògo pọ̀ láìdá dúró. Ìwé Àdúrà ń ka ẹsẹ lọ́nà tirẹ̀, kò bá ti Bíbélì dọ́gba ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi ìmí náà nínú ìwé akọrin kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dárúkọ nọ́ńbà fún wọn. Sáàmù 39 tí wọ́n yàn fún ìsìnkú náà rí bíi 88: ó parí sí "kí n tó lọ, kí n má sì sí mọ́". Òun náà, èémí kan, kí dùùrù dákẹ́, kí Ògo tó wọlé.